Gbogbo ayé á di ọ̀kan, ta ló máa fọ ṣaláńgá?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi ló fa ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. A jọ ń wo Star Trek, fíìmù àwọn tó ń fi ọkọ̀ rìnrìn àjò lójú òfurufú lọ́jọ́ iwájú, lórí láptọ́ọ̀pù, NEPA ti mú iná lọ, bátìrì ti ń sáré wálẹ̀, èmi náà wá ń ṣàlàyé bí ẹni tó mọ nǹkan, pé nínú ayé tí wọ́n ń fi hàn yìí kò sí ogun mọ́, kò sí ebi, kò sí físà, gbogbo ọmọ aráyé ti di ọ̀kan. Ó wò mí. Ó ní, "Àǹtí, ibo wá ni ọ́fíìsì wọn wà?" Mo ní San Francisco ni, ní Amẹ́ríkà. Ó ní kápútẹ́nì wọn ńkọ́, ọmọ ibo ni? Mo ní Iowa, Amẹ́ríkà náà ni. Èdè wo ni wọ́n ń sọ? Èmi fúnra mi ti ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Ọmọ yìí kàn ní "Ẹn-ẹ́n, ó ti yé mi," ó sì fa abọ́ gúgúrú mọ́ra.

Ẹ má rò pé mò ń bú fíìmù náà o, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni. September 1966 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ṣì ń jà fún ibi tí wọ́n lè gbé àti ẹni tí wọ́n lè fẹ́, wọ́n sì gbé obìnrin dúdú jókòó sídìí iṣẹ́ gidi nínú ọkọ̀ yẹn, Uhura lorúkọ ẹ̀, látinú uhuru tí àwọn Swahili ń pe òmìnira. Nichelle Nichols tó ṣe é sọ pé òun ti fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, Martin Luther King ló ní kí òun má dán an wò. George Takei tó jókòó sídìí ọkọ̀, ọmọdé ni nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà kó òun àtàwọn òbí ẹ̀ sí àgọ́ nígbà ogun Hitler, torí pé ìran Japan ni wọ́n. Nígbà tó di 1967 wọ́n tún mú ọmọ Rọ́ṣíà kan wọ inú ọkọ̀ náà, Rọ́ṣíà tí bọ́ǹbù ẹ̀ dojú kọ Amẹ́ríkà, tí ti Amẹ́ríkà náà dojú kọ ọ́. Ìyẹn ò kéré rárá.

Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa. Àwòrán àwọn tó ti jókòó sídìí tábìlì ni wọ́n yà fún wa. Bí wọ́n ṣe débẹ̀, ta ló pín àga, ta ló jẹ gbèsè owó tábìlì, wọn ò sọ. Nínú ìtàn náà, ogun àgbáyé kẹta jà, ayé bàjẹ́, ó wá di 2063 àwọn àlejò kan sọ̀kalẹ̀ látojú ọ̀run, ojú gbogbo èèyàn wá là. Ó tán. Ìpàdé kankan ò wáyé. Èmi tí mo mọ bí ìpàdé ẹbí lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe máa ń rí, ṣé kí n wá gba ìyẹn gbọ́?

Ọ̀rọ̀ àlejò tó máa sọ wá di ọ̀kan yìí ò sì mọ sí fíìmù o. Reagan, nígbà tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà, dúró níwájú àjọ UN ní 1987 tó ní bí ẹ̀dá láti ayé mìíràn bá gbógun tì wá, kíá la máa gbàgbé ìjà àárín wa. Ó dùn-ún gbọ́ létí. Ẹ wá jẹ́ ká kúrò ní New York ká lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, Ìbàdàn níhìn-ín, Èkìtì Parapọ̀ lọ́hùn-ún, ọmọ Oòduà ni wọ́n pe ara wọn níhìn-ín, ọmọ Oòduà náà ni lọ́hùn-ún. Ṣé ọ̀tá òde ò sí ni? Ìlọrin wà lókè, Dahomey ń kó èèyàn lápá ìwọ̀-oòrùn, Òyìnbó ti gba Èkó látọdún 1861. Kàkà kí wọ́n fi ìyẹn parí ìjà, Ìlọrin gan-an ló wá di ọ̀rẹ́ Èkìtì Parapọ̀, torí pé Ìbàdàn ni àwọn méjèèjì jọ ń bá fà á. Ọdún 1886 tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà, ọdún yẹn náà ni Kétu, ìlú ọmọ Oòduà náà, fọ́ lọ́wọ́ Dahomey. Àwọn àgbá ńlá tó ń dún kìrìjì-kìrìjì tí wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ, ará ilé ni wọ́n dojú ẹ̀ kọ láti ọjọ́ yìí wá. Tí ẹ̀dá òfurufú bá balẹ̀ lónìí, ẹni àkọ́kọ́ tó máa lọ kí wọn, ẹ̀bẹ̀ tó máa bẹ̀ wọ́n ni pé, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lé aládùúgbò mi yìí."

Àbí COVID kì í ṣe àlejò? November 2021, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní South Africa ṣe ohun tó tọ́, wọ́n rí Omicron, oríṣi COVID tuntun, wọ́n sọ fún gbogbo ayé, kò pé ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú. Ní December, Nàìjíríà náà bọ́ sórí líìsì pupa ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn àwọn ìlú tí wọn ò fẹ́ kí èèyàn tibẹ̀ wọlé. Ọ̀rẹ́ mi kan ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Kérésì nígbà yẹn, owó ẹ̀ tó yẹ kí wọ́n dá padà, odindi ọdún kan ló fi ń fa á pẹ̀lú àwọn tó tà á fún un.

Ibi kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ti jáde kúrò nínú fíìmù ni ilé tí wọ́n kọ́ sójú òfurufú yẹn, ISS. 1998 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó, láti November 2000 ni èèyàn ti ń gbébẹ̀ láìdá ọjọ́ kan sí: Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, àwọn ará Yúróòpù, Japan, Canada. Ará Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ kọ́ èdè Rọ́ṣíà kó tó lọ, ará Rọ́ṣíà gbọ́dọ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n wá da méjèèjì pọ̀ di àmúlùmálà tiwọn lókè níbẹ̀. Nígbà tí Rọ́ṣíà wọ Ukraine ní February 2022, mo rò pé ilé yẹn máa tú ni. Kò tú. Ní March, Mark Vande Hei, ọmọ Amẹ́ríkà tó ti lo ọjọ́ 355 lókè, wọ ọkọ̀ Rọ́ṣíà pẹ̀lú ọmọ Rọ́ṣíà méjì, wọ́n jọ balẹ̀ sí Kazakhstan wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ìfẹ́ kọ́ o. Iná tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ará Rọ́ṣíà, púpọ̀ nínú ẹ̀ ọ̀dọ̀ Amẹ́ríkà ló ti ń wá. Ẹ́ńjìnnì tó ń ti ilé náà padà sókè kó má baà jábọ́, ti Rọ́ṣíà lèyí tó pọ̀ jù. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹnìkan, àgádágodo wà lọ́wọ́ ẹnìkejì, ta ló máa bínú kúrò?

Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti 2009. Gennady Padalka, ọ̀gá àwọn ọmọ Rọ́ṣíà tó ń lọ síbẹ̀, sọ fún ìwé ìròyìn kan nílé wọn pé ọ̀rọ̀ owó ti dé àárín àwọn, wọ́n ti ń ṣírò gbèsè fúnra wọn, wọ́n wá ní kí oníkálukú máa lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú ẹ̀! Lójú òfurufú o, níbi tó jìnnà sílẹ̀ tó nǹkan bíi 400 kìlómítà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, torí ilé tí mo dàgbà sí nìyẹn gan-an.

Face-me-I-face-you ni, n'Íbàdàn, yàrá mẹ́wàá, kànga kan, mítà iná kan, ṣaláńgá kan. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà yàrá sẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣaláńgá, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni tọ́ọ̀nù ẹnìkan, tó o bá ti fọ̀ ọ́ tán wàá fi ìka nu nọ́ńbà tìẹ kúrò. Bàbá Télọ̀ tó ń dá gbé ní òun ò lè fọ̀ ọ́ bí ẹni tó lọ́mọ méje. Ìyá Elépo ní àwọn ọmọ òun, inú póò ni wọ́n ń ṣe é, kí wọ́n yọ wọ́n kúrò nínú ìṣirò. Ìrọ̀lẹ́ Sunday mẹ́ta ni wọ́n fi ṣèpàdé, a ò lè gbọ́ ohun tí tẹlifíṣọ̀n ń sọ. Níkẹyìn wọ́n ní orí-orí ni káwọn kà á, ọmọ tí ò bá tíì tó ọdún márùn-ún ò sí níbẹ̀, Bàbá Télọ̀ sì lè máa ra Izal dípò kó fọ ṣaláńgá. Ìgbálẹ̀ ńkọ́? Yàrá Ìyá Elépo ló ń sùn, torí ó máa ń sọnù. Wọn ò fẹ́ràn ara wọn o, kẹ́ ẹ má ṣì mí gbọ́, àwọn kan níbẹ̀ kì í kí ara wọn, àmọ́ ṣaláńgá yẹn mọ́ fún bí ọdún mẹ́rin.

Ohun tó bà á jẹ́ ni owó. Àlájì tó wà ní yàrá iwájú rí ṣe, ó gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé, ó gbẹ́ tiẹ̀ sẹ́yìnkùlé, ó fi àgádágodo sí i. Àtọ̀sẹ̀ yẹn kò wá sípàdé mọ́. Yàrá kejì ní ṣé òun wá ni màálù ni? Kó tó di ọdún tuntun, ṣọ́ọ̀kì ti pa rẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ohun tí mò ń rí lókè báyìí nìyẹn. Amẹ́ríkà ti ṣòfin ní 2011 pé NASA, àjọ òfurufú wọn, ò gbọdọ̀ bá China ṣe nǹkan pọ̀ láìgba àṣẹ, China náà ní kò burú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ilé òfurufú tiẹ̀, Tiangong, sókè ní 2021. Rọ́ṣíà ní òun náà máa kọ́ tòun. ISS fúnra ẹ̀, ètò tó wà nílẹ̀ ni pé lẹ́yìn 2030 wọ́n máa rọra jù ú sínú òkun Pacific. Gbogbo wọn ti di Àlájì.

Síbẹ̀ kí n má purọ́, oríṣi ìṣọ̀kan kan wà tí mo gbà gbọ́. Ojú ìyá ìyá mi rí jágajàga, àpá Ilẹ̀-gbígbóná ni, títí tó fi kú kò pe àrùn yẹn lórúkọ ẹ̀ gan-an, Olóde ló máa ń pè é, á sì fọwọ́ kan ilẹ̀. Lára mi kò sí àpá kankan. Ní 1958 ni Rọ́ṣíà ìgbà yẹn dá a lábàá níwájú àjọ ìlera àgbáyé pé kí wọ́n pa àrùn yẹn, tí Òyìnbó ń pè ní smallpox, run pátápátá, wọ́n kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sílẹ̀, Amẹ́ríkà náà wá kó owó àti èèyàn sí i. 1977 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tó kó o láàárín ìlú, ní Somalia, nígbà tó di 1980 wọ́n kéde pé ó ti tán láyé. Ní gbogbo ìgbà yẹn, bọ́ǹbù tí wọ́n dojú ẹ̀ kọra wọn ò kúrò níbi tó wà. Iṣẹ́ kan ni wọ́n jọ ṣe, wọ́n ṣe é tán, oníkálukú padà sídìí ìjà ẹ̀. Tí wọ́n bá lè kọ sci-fi báyẹn, tó ní ìpàdé tí ò parí nínú, tó ní ẹni tó jẹ owó oṣù mẹ́ta, màá wò ó di òwúrọ̀.

Mo gé e kúrú fún ọmọ náà. Láptọ́ọ̀pù ti kú nígbà yẹn, inú òkùnkùn la wà, tọ́ọ̀ṣì fóònù mi nìkan ló ń tàn. Ó dákẹ́ díẹ̀, mo rò pé ó ti sùn. Ó wá ní, "Àǹtí, àtìgbà tá a ti ń wò ó, mi ò tíì rí ẹnì kankan tó lọ tọ̀ nínú ọkọ̀ yẹn o."

Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ti tan Star Trek, ilé ìtọ̀ ni mò ń wá.