Kílò Márùn-ún

Ọjọ́ Àbámẹ́tà, alẹ́.

Kílò márùn-ún péré ni obìnrin náà ní òun lè bá wa gbé. Ìyàwó ọ̀rẹ́ ọkọ àbúrò mi ni. Ìgbéyàwó ẹbí rẹ̀ ló bá wá sí Ọ̀ffà, Mọ́ńdè ló ń padà sí Ìlú Ọba, àpótí rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Mo dúpẹ́ títí ó fi ní ó tó gẹ́ẹ́.

Manchester ni àbúrò mi ń gbé. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tó kọ́kọ́ lóyún, ọ̀sẹ̀ tí mo gbọ́ náà ni mo ti bọ́ sí Ọjà Ọba ní Ìlọrin wa níbí. Mo ra ẹ̀wù funfun mẹ́fà, fìlà kan, àti ìbọ̀sẹ̀ tí kò ju àtàǹpàkò mi lọ. Ìyá rí i, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn wò mí. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, oyún náà bàjẹ́. Ẹrù yẹn wà nínú àpò kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi títí di òní. Àbúrò mi ò mọ̀ pé mo rà á. N kò lè kó o dànù, n kò sì lè fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi jiyàn nígbà tí Ìyá sọ láàárọ̀ àná pé, "A kì í ra ẹrù ọmọ sílẹ̀ de ọmọ." N kò gbà pé ìbọ̀sẹ̀ ló ba oyún jẹ́. Dókítà rẹ̀ ti sọ fún un nígbà náà pé kò sí ohun tó ṣe tó fà á. Ṣùgbọ́n mo ti mọ bó ṣe ń rí kéèyàn máa sùn lórí àpò bẹ́ẹ̀ lálaalẹ́.

Bí a ò bá wá ra ti ọmọ, ti ta ni a ó rà? Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Láti ìgbà tó ti lóyún, ọmọ ni gbogbo wa ń béèrè. Akọ ni àbí abo? Ṣé ó ń yí dáadáa nínú? Èmi gan-an, bí mo bá pè é lórí fóònù, bí mo ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo pè é lálẹ́ àná, mo ní, "Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Kí ló ń wù ẹ́?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Àǹtí, wàrà. Wàrà díndín, tí ata rẹ̀ ń tani lẹ́nu."

Wàrà! Ohun tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa lójoojúmọ́! Ṣùgbọ́n òfin wọn lọ́hùn-ún ò gbà kí èèyàn gbé ẹran tàbí ohun tí wọ́n fi wàrà màlúù ṣe wọlé láti ọ̀dọ̀ wa. Wọn yóò gbà á lọ́wọ́ ẹni ẹlẹ́ni ní pápákọ̀ òfuurufú, wọn yóò sì dà á nù. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní òun mọ̀, pé mo bi òun ló jẹ́ kí òun sọ ọ́.

Ó wá ní kí n bá òun ra amọ̀ jíjẹ díẹ̀, èyí tí àwọn aboyún máa ń jẹ. Amọ̀ ò wọ́n, kò sì wúwo. Mo ti fẹ́ ní "ó dára" kí n tó rántí. Àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ nílùú tó wà yẹn ti kìlọ̀ fún àwọn aboyún pé kí wọ́n má fẹnu kàn án, nítorí òjé tó wà nínú rẹ̀. Òjé a máa gba inú ẹ̀jẹ̀ ìyá lọ bá ọmọ inú, ọpọlọ ọmọ ló sì ń bá jà. Mo ní, "Má bínú, àbúrò mi. Èyí nìkan ni n ò ní rà fún ẹ." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ fún agbẹ̀bí rẹ̀ pé amọ̀ ń wu òun, torí nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ tí kò tó lára ló ń mú kí irú rẹ̀ máa wuni. Ó ṣèlérí pé òun á sọ ọ́ ní Túsìdeè.

Ohun kẹta tó sọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ kó tó sọ ọ́: kò sí aṣọ tó gba òun mọ́ tí ojú òun kì í tì òun nínú rẹ̀.

Mo kọ èyí sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Àárọ̀ òní ni Ìyá gbé ìgò àgbo wá, lítà méjì. Irú èyí tí wọ́n mu lórí oyún gbogbo wa ni. Ìgò yẹn nìkan ti lé ní kílò méjì, ǹ bá sì ti fi ìyẹn ṣe àwáwí. Ṣùgbọ́n Ìyá kọ́ ni èèyàn ń parọ́ fún. Mo sọ fún wọn pé a ò mọ ìwọ̀n ewé tó wà níbẹ̀, pé òògùn òyìnbó ń bẹ lọ́wọ́ ọmọ yẹn, a ò sì mọ bí méjèèjì á ṣe bára wọn ṣe. Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n gbé ìgò wọn padà sí yàrá. Ó dùn mí wọnú egungun. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin tí ọwọ́ wọn ti kan ọmọ wọn kẹ́yìn, àgbo yẹn sì ni ọwọ́ tí wọ́n fẹ́ nà sí i.

Mo lọ sọ́jà. Òrí ni mo kọ́kọ́ rà, kílò kan, lọ́wọ́ obìnrin tó ń kó o wá láti ọ̀nà Kàíámà, níbi tí igi rẹ̀ pọ̀ sí nínú igbó. Mo gbóòórùn rẹ̀ dáadáa, nítorí èyí tó bá ti rùn èéfín, kò ní lè lò ó. Awọ ikùn rẹ̀ ń fà, òrí ló mọ̀ láti kékeré. Mo ra èlùbọ́ kílò kan àtààbọ̀. Mo ra dàbínù, èyí tí Ìyá fẹnu ara wọn ní kí n rà, nítorí Mọ́ríyámọ́, ìyá Ànábì Ísà, tí ìrọbí gbé lọ sídìí igi dàbínù, tí wọ́n ní kó mi igi náà kí èso tútù lè bọ́ sílẹ̀ fún un. Bí mo ṣe kó o délé, Ìyá jókòó tì í, wọ́n ń ṣàdúà sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n sọ̀rọ̀ láti àárọ̀.

Bùbú ni mo pẹ́ sí jù. Àdìrẹ aláró ni mo yàn, kò wúwo, ó sì rọ̀. Mo jókòó ti télọ̀ títí ó fi parí ẹ̀, mo ní kó rí gbàgẹ̀rẹ̀, kó fi bọ́tìnnì sí i níwájú láti ọrùn dé àyà. Ó bi mí ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ló wù mí. Ìdí rẹ̀ ni pé aṣọ tó bá ṣí níwájú, ìyá ọlọ́mọ lè fún ọmọ lọ́mú nínú rẹ̀. N kò sọ ọ́ jáde, kódà fún télọ̀.

Lẹ́yìn ìrun Iṣáì, mo gbé àpò sórí òṣùwọ̀n. Kílò mẹ́rin ó lé díẹ̀. Àyè ṣì kù. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fa àpò abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yọ, mo wo ìbọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn fún ìgbà pípẹ́. Mo dá a padà.

Ìgbà tí mo dìde ni mo rí Ìyá lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọ̀já òfì wọn ló wà lọ́wọ́ wọn, èyí tí àwọn ahunṣọ àdúgbò wa hun fún wọn kí wọ́n tó bí mi. Etí rẹ̀ ti ṣá, àárín rẹ̀ ṣì dúró digbí. Òun ni wọ́n fi pọ̀n mí, òun ni wọ́n fi pọ̀n àbúrò mi.

Mo ní, "Ìyá, ẹ ṣáà ní a kì í ra ẹrù ọmọ sílẹ̀."

"Èmi ò rà á." Wọ́n ká a pọ̀, wọ́n sì tì í sí àárín bùbú. "Ta ló ń gbàjá? Ṣé ọmọ ni? Ẹrù ìyá ni ọ̀já."

Mo tún gbé àpò náà sórí òṣùwọ̀n. Ó ku díẹ̀ kó pé márùn-ún. Láàárọ̀ ọ̀la, màá wọ ọkọ̀ ní Gárééjì Ọ̀ffà.