Ebi ló pa àwọn sójà wa

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Travian, géèmù ìlú kíkọ́ àti ogun orí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo ti ń wò yín, ẹnu ti ń yún mi. Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń rí igi àti amọ̀ o, ẹ ti mọ ìyẹn. Látìgbà tá a ti ń ṣe overnight ní káfẹ́ ni mo ti ń gbá géèmù yìí. Àwọn ará Jámánì ló gbé e jáde ní 2004, kò sí nǹkan tẹ́ ẹ máa dáwúnlóòdù, kọ̀ǹpútà tó ti gbó pátápátá á ṣí i, ẹ ó ní kí ilé máa kọ́ ara ẹ̀, ẹ ó bá tiyín lọ, kẹ́ ẹ tó padà dé ó ti parí. Ibi tó ti ń dùn gan-an nìyẹn. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ kó yín lẹ́rù náà ò sùn.

Ẹ̀kọ́ kìíní: ẹ tètè kọ́ cranny, ibi tẹ́ ẹ máa kó ẹrù yín pamọ́ sí. Kóńdó làwọn Teuton, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà inú géèmù náà, fi ń jà, sójà wọn ò wọ́n rárá, wọ́n ń dúró de ọjọ́ tí ààbò àwọn tuntun máa kúrò lórí yín.

Ẹ̀kọ́ kejì: sójà ń jẹun. Áà, ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí.

Ogun ń bọ̀ lórí ìlú ẹnì kan nínú alliance wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwa tá a jọ ń gbá géèmù náà. Géèmù náà kì í sọ iye tó ń bọ̀, aago nìkan lẹ ó máa rí tó ń ka sẹ́yìn. Ọ̀gá wa ní kí gbogbo wa kó sójà lọ síbẹ̀, a kó wọn lọ. Mo wá kọ mẹ́sẹ́ẹ̀jì sí i pé bọ̀ọ̀sì mi, oúnjẹ ìlú tí sójà bá dúró sí ni wọ́n ń jẹ o, ta ló ń gbé crop, oúnjẹ yẹn, lọ? Ó ní "gbogbo wa". Ṣé "gbogbo wa" lorúkọ èèyàn ni? Phalanx kan, irú sójà kan nìyẹn, ń jẹ crop 1 ní wákàtí kan, tí 20,000 bá dúró síbẹ̀, 20,000 ló ń lọ ní wákàtí kan yẹn, merchant Rómù ẹyọ kan, ẹni tó ń gbé ẹrù láti ìlú dé ìlú, sì rèé, 500 péré ló lè rù, tí kò bá sí trade office, ilé tó ń fi kún ẹrù tó lè rù.

Lóru, àká gbẹ. Kílẹ̀ tó mọ́ sójà ti ń kú nígbà tẹ́nikẹ́ni ò tíì yọ idà. Aago pé, ẹyọ sójà kan ṣoṣo ló wọlé! Ẹ̀tàn ni. Ìlú tèmi làwọn catapult gidi, ẹ̀rọ ogun tó ń wó ilé, já sí, ìlú tí mo ti kó sójà inú ẹ̀ lọ tán.

Ọ̀gá wá kọ ọ́ síta fún gbogbo alliance pé àwa tá a wà nítòsí la ò gbé oúnjẹ lọ. Èmi! Èmi tí gbogbo merchant mi wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú crop lórí!

Mo rí orúkọ ẹ̀ lórí sáfà tuntun yìí, ó tún ti dá alliance sílẹ̀. Tó bá pè yín, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ta ló ń gbé crop.