Oògùn akunilóorun kí rọ́bà tó wọ ọ̀nà èémí: mélòó lẹ fẹ́ fún un?

Bí wọ́n bá gbé ẹni tí mọ́tò gbá lójú títì Lokoja wọ Àbújá, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti já wá sí 80/50, tí kò sì lè dá mí dáadáa mọ́, ohun tí gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni oògùn akunilóorun tá a máa fún un, ká tó ki rọ́bà tí yóò fi máa mí bọ ọ̀nà èémí rẹ̀. Ní tèmi, iye tá a máa fún un ló yẹ kó ṣáájú.

Ketamine ni mo fara mọ́ jù. Ó wà káàkiri, ó ń pa ìrora, kì í sì í sábà já ìfúnpá walẹ̀. 1 sí 2 mg fún kílò ara kan, nínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Kó tó pé ìṣẹ́jú kan, ó ti mú un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dà lára rẹ̀, agídí ara nìkan ló ń gbé ìfúnpá rẹ̀ dúró. Ẹ fún un ní odindi, agídí yẹn á tú, ọkàn sì lè dákẹ́. Ìdajì ni kẹ́ ẹ fún un. Ẹ fa 2 ml nínú ìgò 50 mg/ml, ẹ fi sálínì kún un dé 10 ml; ml kọ̀ọ̀kan ti di 10 mg nìyẹn. Ẹni 60 kílò á gba 3 sí 6 ml. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ara ìgò lẹ́ẹ̀mejì, torí ìgò 10 mg/ml àti 100 mg/ml náà wà.

Àwọn akunilóorun míì náà wà. Etomidate, 0.3 mg fún kílò, kì í da ìfúnpá láàmú, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lè dí cortisol, èròjà tí ara fi ń kojú ìnira, lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Mi ò fẹ́ ẹ fún ẹni tí àkóràn ti wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Propofol ń já ìfúnpá kíákíá. Midazolam ń pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́: ẹni tó ń kánjú á tún fi kún un, gbogbo rẹ̀ á wá dé lẹ́ẹ̀kan náà.

Oògùn tó ń dẹ iṣan ni ẹ kò gbọ́dọ̀ dín kù, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń falẹ̀ kì í tètè gbé e débi iṣẹ́. Suxamethonium, ọ̀kan nínú wọn, ń fẹ́ firíìjì. Nínú ooru oṣù kẹta, tí iná ti lọ láti àná, agbára rẹ̀ ti ń dín kù. Rocuronium, èkejì, 1.2 mg fún kílò, lè lo wákàtí kan, nígbà tí ketamine ń tán láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 20. Aláìsàn á jí, kò ní lè mi ìka. Ẹ wo ìgun ojú rẹ̀: bí omijé bá ń yọ níbẹ̀, tí ọkàn sì ń sáré, ó ti ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ. Síríǹjì ketamine kejì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí rọ́bà tó wọlé.