Tool post olóríṣiríṣi holder: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí ẹ̀rọ lathe

Lathe ni ẹ̀rọ tó ń yí irin ká lè fá a, tool ni irin tó ń gé e, tool post ni òpó tó ń di tool mú, holder sì ni àpò tí tool ń wọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ rò pé torí kí ọwọ́ lè yá nìkan la fi ń ṣe tool post tí holder rẹ̀ ṣeé pààrọ̀ wéré. Ó ń mú iṣẹ́ yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n torí gíga ẹnu tool ni mo ṣe tèmi.

Ọ̀pá ẹ̀rọ ata ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tó ń wọlé fún wa. Tool tí a fi ń fá orí ọ̀pá yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń fá ara rẹ̀. Ti tẹ́ẹ̀dì yàtọ̀, èyí tí a fi ń gé irin já náà yàtọ̀. Ẹnu gbogbo wọn gbọ́dọ̀ bá àárín gbùngbùn irin tó ń yí dọ́gba. Bó bá rẹlẹ̀, kókó kékeré á ṣẹ́kù láàárín orí ọ̀pá. Bó bá ga jù, abẹ́ tool á máa ra irin lára, á gbóná, kò sì ní gé dáadáa. Tool tí a fi ń gé irin já ni kì í dárí jini rárá: ó lè há, kó sì kán.

Tool post onígun mẹ́rin tó bá ẹ̀rọ wa wá ń gba tool mẹ́rin, àmọ́ packing la ń kì sábẹ́ wọn, àfọ́kù ayùn irin àti páànù agolo. Ẹ lọ tool kan lórí òkúta báyìí, ẹnu rẹ̀ ti wálẹ̀, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá packing mìíràn.

Èyí tí ilé-iṣẹ́ Aloris sọ di olókìkí ní Amẹ́ríkà, tó ní dovetail lára (ojú irin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dagun, tí holder ń wọ̀ mọ́), dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ẹ̀rọ milling (èyí tí cutter rẹ̀ ń yí láti gé irin) yóò jìyà kó tó gé dovetail tó jọ ara wọn. Irú tí wọ́n ń pè ní Norman ni mo gbà yín níyànjú: post róbótó kan, àti holder tó ní ihò, tí bóòtù ń fún mọ́ post. Lathe nìkan ti tó láti fi ṣe é.

Kí ẹ tó gé irin kankan, ẹ wọn gíga ẹ̀rọ yín. Ẹ de irin mọ́ chuck (ẹnu lathe tó ń di irin mú, tó sì ń yí i), ẹ fá a títí yóò fi di 30 mm gẹ́lẹ́, kí ẹ wọn láti orí rẹ̀ dé orí top slide, ìyẹn pẹpẹ tí tool post jókòó lé. Ká ní 47 mm ni, ẹ yọ ìdajì 30 kúrò: 32 mm ni àárín wà. Tool tó nípọn 12 mm á wá jókòó sí 20 mm. Tí ẹsẹ̀ post bá gba 6 mm, tí irin abẹ́ tool gba 10 mm, 4 mm ló kù fún ìgbésókè àti ìsọ̀kalẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe ìṣirò yìí lè parí iṣẹ́ tán kó rí i pé tool ga ju àárín lọ, kò sì sí ibi tó lè rọ̀ ọ́ sí.

Irin ọ̀hún wà ní Òwódé Onírin, ọjà irin ní Èkó. Bó bá jẹ́ ọ̀pá áàsù ọkọ̀ ńlá lẹ rí, ara rẹ̀ máa ń le. Ẹ fi iná sun ún títí yóò fi pọ́n, ẹ bò ó mọ́ eérú gbígbẹ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Post ni kí ẹ kọ́kọ́ fá, torí òun lẹ ó fi máa dán ihò holder kọ̀ọ̀kan wò. Kó má fẹ̀ nísàlẹ̀ ju òkè lọ. Ẹ lu ihò holder nínú chuck ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, kó tóbi ju post lọ ní ìwọ̀n 0.03 mm: kó yọ̀ lọ sókè sódò, kó má mì. Ihò bóòtù náà, ẹ lu ú kí ẹ tó fi ayùn la holder kí bóòtù lè fún un mọ́ post. Bí ẹ bá ti là á tán, ìhà méjèèjì á máa mì, dirílì á sì ṣìnà.

Ojú ihò tí tool ń wọ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Mo de cutter mọ́ chuck, mo gbé holder sórí post, mo sì ń fi cross slide (apá lathe tó ń gbé tool post lọ, gbé e bọ̀ ní ìbú) tì í kọjá níwájú cutter, díẹ̀díẹ̀. Síkúrúù M6 (oní 6 mm) tó ń gbé holder sókè máa ń rìn 1 mm ní yíyí kan, nítorí náà cutter 12 mm á fún yín ní ojú ihò 13 mm bí ẹ bá yí i lẹ́ẹ̀kan tí ẹ sì tún kọjá. Ẹsẹ̀ post ni kí síkúrúù náà máa tẹ̀, kì í ṣe top slide, kó má bàa jábọ́ létí nígbà tí ẹ bá yí holder.

Àbùkù kan wà: holder kì í padà sí igun tó wà tẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ bíi ti dovetail. Kí n tó fún bóòtù, mo máa ń ti ẹ̀gbẹ́ holder mọ́ ojú chuck tí kò yí, ó á sì dúró ṣánṣán. Ẹ sì nu epo kúrò lára post, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á yí padà nígbà tí ẹ bá ń gé irin tó nípọn.

Holder ti tool ìgé-irin-já ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí tool náà má sì kúrò nínú rẹ̀ mọ́. Tí lathe méjì bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ sára holder kọ̀ọ̀kan, torí gíga wọn kì í sábà dọ́gba.