Mọ́mì, ṣé òótọ́ ni àbí àlọ́?

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí rọ̀ ní Tanke, ládùúgbò wa ní Ìlọrin, lálẹ́ ọjọ́ kan, bó ṣe dá báyìí ni èsúnsún bo gílóòbù iwájú ilé wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sí apá Òmù-Àrán bíi tèmi, ẹ mọ ohun tó kàn, abọ́ omi lábẹ́ iná, wọ́n á máa já sínú ẹ̀, ìyẹ́ á máa léfòó, tó bá fi máa di àárọ̀ a ti ń yan án pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Iyọ̀ ni èmi ń rò ní tèmi. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, èyí tí mò ń pè ní Ọ̀gbẹ́ni Kílódé, mú ẹyọ kan, ìyẹ́ ẹ̀ já bọ́ sí i lọ́wọ́, ló bá ní, "Mọ́mì, kí ló dé tí ìyẹ́ ẹ̀ já? Ibo ni wọ́n ti ń bọ̀? Ibo ni wọ́n wà látọdún tó kọjá?"

Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Kí ni mo fẹ́ rò? Mo ti ń jẹ ẹ́ láti kékeré, mi ò mọ ilé ẹ̀.

Ọmọ yìí ni tíṣà ẹ̀ sọ fún mi ní tẹ́ẹ̀mù méjì tẹ̀léra pé kò fẹ́ràn ìwé. Mo ra ìwé ìtàn títí, ti ìjàpá, ti ọmọ ọba, ti ọmọ òrukàn, ó máa ka ojú ewé kan, á gbójú sókè, á ní "Mọ́mì, ṣé òótọ́ ni àbí àlọ́ ni?" Tí mo bá ti lè ní àlọ́ ni, ó parí, ìwé ti pa dé nìyẹn. Àbúrò ẹ̀ obìnrin ni ìtàn ń dùn mọ́, ìyẹn lè gbọ́ ìjàpá kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá kó ṣì máa rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ. Mo wá gbà pé orí ìwé ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ò ní, mo tiẹ̀ ti ń wá tíṣà ilé fún un. Àṣé ìwé tí mò ń rà ni kì í ṣe tiẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ èsúnsún yẹn mo lọ ra òwú àti sípù (aṣọ ni mò ń rán), ìgbà tí mò ń bọ̀ lágbègbè Pósí Ọ́fíìsì ni mo rí Alfa kan tó tẹ́ tapólì sílẹ̀ tó da ìwé tòkunbọ̀ lé e. Mo ní "Alfa, ẹ kú ọjà o, ṣé ẹ ní ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa kòkòrò?" Wọ́n wò mí sókè sódò. "Kòkòrò inú eyín ni, ìyá wa?" Mo ní rárá o, ikán, èèrà, irú ìyẹn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n máa tú u wò fúnra mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ títí ẹ̀yìn fi ń ro mí. Abẹ́lẹ̀ pátápátá ni mo ti bá ìwé pẹlẹbẹ kan tí èèpo ẹ̀yìn ẹ̀ ti já, mo ṣí i láàárín, wọ́n ya òkìtì ọ̀gán síbẹ̀, wọ́n là á sí méjì bí ẹni la búrẹ́dì, ẹ ń rí yàrá ayaba, yàrá àwọn ọmọ wẹẹrẹ, ojú ihò tí atẹ́gùn ń gbà, gbogbo ẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni fọ́tò ayaba ikán fúnra ẹ̀, ikùn ẹ̀ wú bí ìka ọwọ́. Ara mi bù máṣọ. Wọ́n pè é ní ₦700, mo san ₦500.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọmọ tí wọ́n ní kò fẹ́ràn ìwé yìí jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ní kí n tan tọ́ọ̀ṣì fóònù fún òun. Òun ló wá ń kọ́ mi. Pé èsúnsún yẹn gan-an ni ikán, àwọn tó ti tó lọ́kọ tó ti tó láya láàárín wọn ló ń jáde lẹ́yìn òjò, tí wọ́n bá ti balẹ̀ wọ́n á bọ́ ìyẹ́ sílẹ̀ torí wọn ò ní lò ó mọ́, akọ kan á tẹ̀lé abo kan, wọ́n á wọlẹ̀, àwọn méjèèjì ló máa di ọba àti ayaba ilé tuntun. Pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin ni ayaba kan lè yé lóòjọ́. Pé aáyán ni ìbátan ikán, kì í ṣe èèrà (èyí dùn mí díẹ̀, mi ò mọ ìdí). Èyí tó wá pa mí lẹ́nu mọ́ ni pé àwọn ikán kan máa ń dá oko olú sínú ilé wọn, àwọn náà ń roko! Olú tí màmá mi máa ń rán wa lọ ká lẹ́bàá ọ̀gán lẹ́yìn òjò, oko olóko la lọ ń jí ká.

Látìgbà yẹn, ìbéèrè tó bá ti wà lẹ́nu ẹ̀ ni mò ń gbé lọ sọ́jà. Mi ò ra ohun tí mo rò pé ó yẹ kó mọ̀ mọ́. A máa ń fẹ́ kí ọmọ di dókítà, a ó ra ìwé dókítà, ọmọ ọ̀hún sì ń wo tírélà tó ń kọjá lójú títì ní Geri Alimi, ó fẹ́ mọ iye táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ẹ bá a wá ìwé tírélà jàre.

Mo ti jìn sí kòtò náà o. Ẹnì kan ta ìwé ńlá kan fún mi ní ₦4,000, ẹ̀yìn ẹ̀ le gbagidi, lẹ́tà góòlù, wọ́n ní kò sóhun tí kò sí níbẹ̀ láyé lọ́run. Mo gbé e délé bí ẹni gbé tẹlifísọ̀n. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, wọ́n bi wọ́n ní kíláàsì pé ìpínlẹ̀ mélòó ló wà ní Nàìjíríà, Ọ̀gbẹ́ni Kílódé kọ 21. Bírò pupa. Ó wọlé, kò tiẹ̀ kí mi, ó ní "Mọ́mì, ìwé yín parọ́." Mo wá ṣí iwájú ìwé, èyí tó yẹ kí n ti ṣe nílé ẹni tó tà á, ọdún 1988 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Òótọ́ ni nígbà yẹn, 21 ni. Nínú máàpù ẹ̀, Lọ́kọ́ja àti Kàbbà ṣì wà pẹ̀lú wa ní Kwara, torí 1991 ni wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀, 1996 ni ìpínlẹ̀ tó wá pé 36. Àwọn plánẹ́ẹ̀tì náà, mẹ́sàn-án ni wọ́n kà, wọ́n ka Pluto mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti yọ ìyẹn kúrò láti 2006.

Mi ò sọ ọ́ nù ṣá, owó mi ni. Mo fún un ní pẹ́ńsù pé kó máa ṣàtúnṣe ibi tó ti gbó, ó sọ ọ́ di eré, bàbá mi sì jókòó tì í lọ́jọ́ tí a lọ sílé, wọ́n ń sọ fún un bí àwọn ṣe ń wọkọ̀ lọ sí Lọ́kọ́ja láyé ọjọ́sí tí àwọn ò sì tíì kúrò ní Kwara. Ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ara èèyàn ò sì bàjẹ́, eegun àgbàlagbà ṣì jẹ́ 206. Torí náà tó bá jẹ́ ẹranko tàbí eegun, ìwé àtijọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ burú, àmọ́ tó bá ti di máàpù, ojú ọ̀run tàbí kọ̀ǹpútà, ẹ wo ọdún ẹ̀ kẹ́ ẹ tó mówó jáde.

Tíṣà kan ládùúgbò wa kọ́ mi lọ́gbọ́n ìka, pé kí ọmọ ka ojú ewé kan, ọ̀rọ̀ tí kò bá mọ̀ kó ká ìka kan, tí ìka márùn-ún bá ti ká kí ewé tó parí, ìwé yẹn ṣì le jù fún un. Ó dáa, àmọ́ mi ò tẹ̀lé e délẹ̀, torí ọmọ tí nǹkan bá wù máa ń fi eyín fọ́ ọ̀rọ̀ líle ni. Tèmi ń pe "metamorphosis" láìfà á tì, kò sì tíì lè sípẹ́ẹ̀lì Wednesday. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń ka ojú ewé kan sókè níbẹ̀ lọ́jà, èèyàn á máa wò mí, kò kàn mí. Tó bá dún bí ìgbà tí wọ́n ń ka òfin sọ́mọ létí, mo gbé e sílẹ̀. Àwọn tí èèpo wọn ń dán ní súpámákẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ ìlà méjì lójú ewé kan, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n.

Lásìkò ọlidé, a gba Ajàṣẹ́ lọ sí Ẹ̀sìẹ́, mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ni o, 1945 ni wọ́n ṣí i. Àwọn ère òkúta yẹn pọ̀ lọ súà, wọ́n jókòó bí ẹni tó wá sípàdé. Wọ́n sọ ìtàn àtẹnudẹ́nu fún wa pé àlejò ni wọ́n, pé wọ́n di òkúta. Mo ti mọ ohun tó kàn. "Mọ́mì, ṣé òótọ́ ni àbí àlọ́ ni?" Mo ní ìtàn ni, àwọn onímọ̀ pàápàá ò tíì fẹnu kò lórí ẹni tó gbẹ́ wọn. Ojú ẹ̀ tàn! Pé àgbàlagbà lè má mọ nǹkan. Ìwé tó bá ti lè sọ fọ́mọ pé "a ò tíì mọ̀" báyìí, mi ò kì í ná an jù. Mo wá ìwé Ẹ̀sìẹ́ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí a dé Ìlọrin, mi ò rí, òun náà mú ìwé àmúrelé kan, ó ń ya ère síbẹ̀, ó ń kọ ọ́ ní Yorùbá, sípẹ́lì ẹ̀ kò kàn mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó bi ìyá tó ń ta wàrà fún wa léèrè bí wàrà ṣe ń dì, wọ́n ní ewé bọ̀mubọ̀mu làwọn ń fi sí i. A ò tíì délé, ó ní kí ló wà nínú ewé yẹn. Mo padà sí Pósí Ọ́fíìsì lọ́jọ́ Monday. Alfa rí mi lókèèrè, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, "Ìyá kòkòrò, kí la tún fẹ́ wá lónìí?"