Ọwọ́ tó di orí ọkọ mi mú lójú títì Àwẹ́

Ẹ yin Olúwa! Bàbá Àlùfáà, ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ àti Àwẹ́ tó bá wa sunkún tó tún bá wa gbààwẹ̀, ọpẹ́ ni mo bá wá. Bàbá Ìbejì tí ẹ mọ̀ nìyí, onígbá fínfín. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wọlé lónìí.

Ó lọ kó igbá fún oníbàárà ní Àwẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀kadà ló gùn bọ̀. Ọkọ̀ takisí kan ló kọlù wọ́n, ó sì gbé e ṣánlẹ̀. Àwọn èèyàn sáré dé, oore ni wọ́n fẹ́ ṣe. Ọ̀kan ti ki ọwọ́ bọ abíyá rẹ̀, òmíràn ti di ẹsẹ̀ mú, ẹnì kan ń bu omi bọ̀ láti dà sí i lójú. Wọ́n tilẹ̀ ti dá ọ̀kadà mìíràn dúró, wọ́n fẹ́ gbé e sí àárín èèyàn méjì.

Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti rán ọmọbìnrin kan dé. Nọ́ọ̀sì ni, ẹnu iṣẹ́ ló ti ń bọ̀. Ó figbe ta: "Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e! Ẹ má jẹ́ kí ọrùn rẹ̀ mì!" Ó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn níbi orí ọkọ mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí náà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, kí ó lè wà ní títọ́ pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀. Kò jù ú sílẹ̀ mọ́.

Èébì gbé ọkọ mi. Ẹni tó dùbúlẹ̀ gbalaja, èébì lè dí i lọ́fun, kó sì gbabẹ̀ kú. Ọmọ yẹn ní kí àwọn ọkùnrin tò sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ka ení, èjì, ẹ̀ta, wọ́n sì yí orí, èjìká, ìdí àti ẹsẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí àwọn agégẹdú ṣe ń yí ìtì igi. Káfíńtà kan gbé pákó ilẹ̀kùn wá. Wọ́n ká aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ìyá kan sì tú gèlè rẹ̀ kí wọ́n fi dì í. Mi ò mọ ìyá náà títí dòní. Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan ti pe 122, nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, wọ́n sì wá gbé e.

Lẹ́yìn náà ni mo tó gbọ́ ohun tí ọmọ yẹn mọ̀. Egungun méje ló to orí ara wọn ní ọrùn wa. Okùn kan tí kò ju ìka ọmọńdinrín lọ ló gba àárín wọn kọjá, òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọpọlọ dé ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Èémí wa pàápàá, apá òkè rẹ̀ níbi ọrùn ló rọ̀ mọ́. Ọ̀kan nínú egungun ọrùn ọkọ mi ti sán, ṣùgbọ́n okùn náà kò fara pa. Ká ní wọ́n ti wọ́ ọ gun ọ̀kadà ni, tí orí rẹ̀ ń ṣubú síhìn-ín, tó ń ṣubú sọ́hùn-ún... Ẹ bá mi ké Halelúyà!

Ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé, n kò ní dárúkọ wọn, owó ni wọ́n béèrè kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ó dùn mí wọra. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014 ní ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tí ọ̀ràn pàjáwìrì bá dé bá. Ẹ jẹ́ ká mọ̀ ọ́n. A gba ibòmíràn lọ.

Níbẹ̀, wọ́n fi kọ́là líle, ìdè tí kì í jẹ́ kí ọrùn mì, sí i lọ́rùn, wọ́n fún un ní ọ́síjìn. Kò pẹ́, ó la ojú, ó pè mí, ó sì béèrè igbá rẹ̀. Mo jó! Àwọn ẹbí ní ká máa gbé e lọ sílé. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ẹni tó forí gbá nǹkan lè máa sọ̀rọ̀ dáadáa, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa sun sábẹ́ agbárí rẹ̀, kó máa tẹ ọpọlọ. Ó ní kí wọ́n máa wò ó lemọ́lemọ́: ṣé ó ń la ojú, ṣé èsì tó ń fọ̀ bá ìbéèrè mu, ṣé ó ń gbé ọwọ́ tí wọ́n bá ní kó gbé e. Máàkì ni wọ́n ń fún un. Ẹni tí ojú rẹ̀ dá gbà 15, 3 ló kéré jù, ẹni tó bá já wálẹ̀ dé 8 ti bọ́ sínú ewu ńlá. Àwọn oníṣègùn méjì ní Glasgow, nílẹ̀ Scotland, ló gbé ìwọ̀n yìí jáde ní 1974. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn láti Ọ̀yọ́ níbí.

Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ mọ́, máàkì náà bẹ̀rẹ̀ sí í já. Èmi rò pé oorun ni. Nọ́ọ̀sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú, ó rí i pé ọmọlójú kan ti fẹ̀ ju èkejì lọ. Kíá, ó di UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn! Wọ́n ya àwòrán inú orí rẹ̀, wọ́n bá ẹ̀jẹ̀ dídì láàrin agbárí àti awọ tó bo ọpọlọ, wọ́n ṣí agbárí náà, wọ́n sì kó o kúrò.

Bàbá ọkọ mi ló jókòó tì mí níta yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó ní, "Ìyàwó, fọkàn balẹ̀. Ọmọ Àwẹ́ ló dá iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ibẹ̀ yẹn sílẹ̀." Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹ́kù ni wọ́n ń sọ, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ó kọ́ṣẹ́ lókè òkun, ó padà wálé wá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní UCH ní 1962. Kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún tó fi kú. Mo sunkún, mo sì dúpẹ́ pé ó padà wálé.

Ìwòsàn náà kò tíì parí. Ariwo máa ń da Bàbá Ìbejì láàmú, ọ̀bẹ tó fi ń fín igbá kò sì tíì yí lọ́wọ́ rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Tó bá dá yín lóhùn ṣókí, ẹ má bínú, ọpọlọ kì í tètè san. Ẹ bá wa máa gbàdúrà.

Ọmọ mi nọ́ọ̀sì jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún, ó ní kí n má dárúkọ òun. Mo ní kó wá gba aṣọ, ó ní kí n bá òun tọrọ àyè lọ́wọ́ Bàbá Àlùfáà dípò rẹ̀. Wọ́n ti gbà. Lẹ́yìn ìsìn, ní gbọ̀ngàn àwọn ọmọdé, yóò kọ́ wa bí a ṣe ń di orí mú àti bí a ṣe ń yí ẹni tó fara pa. Táíwò wa ló máa dùbúlẹ̀ lórí ẹní. Ẹ̀yin ọlọ́kadà àti ẹ̀yin awakọ̀ inú ìjọ, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń pè.