Fọ́tò orí fàdákà: pléètì kẹrin, Ìyá Àgbà ti jókòó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé fọ́tò orí fàdákà ni mo ń ṣe ní ẹ̀yìnkùlé wa níbí n'Ìjẹ̀bú-Òde, irú èyí tí Daguerre gbé jáde ní Faransé ní 1839, kò ní fíìmù, kò ní ẹ̀dà kejì, ojú tó bá wà lórí pléètì yẹn náà ló wà, tó bá sọnù ó parí nìyẹn.

Augustus Washington, ayafọ́tò aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà ayé àtijọ́, ló kó iṣẹ́ yìí sí mi lórí. Mo máa tún ìtàn ẹ̀ sọ fáwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé torí kì í sú mi. Ìlú Trenton ní New Jersey ni wọ́n bí i sí, ní nǹkan bíi 1820, bàbá ẹ̀ ti ṣe ẹrú rí. Ó wọ yunifásítì Dartmouth ní 1843, fíìsì ló lé e dé ìdí kámẹ́rà, ó kọ́ ọ kó lè máa fi rówó san, owó náà ò ṣáà tó, ló bá kúrò, ó lọ sí Hartford, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀ ní 1846. Ibẹ̀ ló ti ya John Brown, òyìnbó tó padà gbé ìbọn nítorí òmìnira àwọn ẹrú tí wọ́n sì yẹgi fún un ní 1859. Nínú fọ́tò yẹn ó nawọ́ kan sókè bí ẹni tó ń búra, ó fi ìkejì di àsíá mú. Pléètì kékeré yẹn ni National Portrait Gallery, ilé àwòrán ìjọba Amẹ́ríkà, san $115,000 lé lórí ní 1996.

Ibi tó máa ń mú mi lọ́kàn jù ni 1853. Ọjà ń tà fún ọkùnrin yìí o, àmọ́ kò rí i pé Amẹ́ríkà máa jẹ́ kí èèyàn dúdú gbé orí sókè láéláé, ó kó ìyàwó àtọmọ, ó kó kámẹ́rà, wọ́n wọkọ̀ ojú omi, ó di Làìbéríà, orílẹ̀-èdè tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tó gba òmìnira. Ní Monrovia ó ya Ààrẹ Joseph Jenkins Roberts, ó ya àwọn sẹ́nétọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Edward James Roye tó padà di Ààrẹ fúnra ẹ̀ wà lára wọn. Ó gbé kámẹ́rà dé Freetown, dé Gáńbíà àti Sẹ̀nẹ̀gà. Nígbà tó yá ó dáko ìrèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò St. Paul, ó tún wọ ìjọba, ó di olórí ilé aṣòfin, ó kú ní 1875. Fọ́tò àwọn sẹ́nétọ̀ yẹn ṣì wà ní Library of Congress, ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà, dòní, ẹ wo bí wọ́n ṣe jókòó! Ká ní kò wọkọ̀ yẹn ni, ta ni ì bá mọ ojú wọn?

Ó yá, iṣẹ́. Pléètì kìíní àti ìkejì bàjẹ́, ìka mi ló hàn sára wọn nítorí mi ò dán an tó, ìkẹta mú ògiri ilé àmọ́ ó ṣú. Fún ìkẹrin yìí mo fún alágbẹ̀dẹ fàdákà ní bàbà kó bá mi fi fàdákà bò ó, mo wá ń fi àrán àti lúúlú pupa dán an fún odidi ọjọ́ méjì títí mo fi rí eyín ara mi nínú ẹ̀. Mo gbé e lé orí àpótí iodine, oògùn tó ń jẹ́ kí fàdákà lè gba àwòrán, nínú òkùnkùn, èéfín ẹ̀ sọ ọ́ di yẹ́lò, ó ń lọ sí pupa fẹ́ẹ́rẹ́, kíá mo ti gbé e kúrò. Èéfín mẹ́kúrì ni Washington àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń lò láti mú kí àwòrán jáde, májèlé ni, mi ò jẹ́ gbé e wọ ilé tọ́mọdé wà. Ọ̀nà tí Becquerel, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Faransé, mú wá ní 1840 láìlo mẹ́kúrì ni mo tọ̀, gíláàsì pupa ni mo fi bo pléètì, mo sá a sóòrùn fún wákàtí mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó wọ háípò, omi oògùn tí kì í jẹ́ kí àwòrán parẹ́ mọ́.

Ìṣòro ẹ̀ ni pé ọ̀nà yìí falẹ̀, ẹni tí wọ́n ń yà gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà nínú oòrùn. Lójúde Ọba ìṣẹ́jú mẹ́fà á gba fọ́tò ẹgbẹ̀rún! Mo kan igi kan mọ́ ẹ̀yìn àga láti gbá orí mú, torí wọ́n máa ń lo irin bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà yẹn, Ìyá Àgbà wò ó, wọ́n ní, "Ṣé o fẹ́ dè mí mọ́gi ni?" Mo ní, "Ẹ má bínú, Ìyá, ẹ ṣáà máa wo igi ọsàn yẹn." Wọn ò mira. Èmi ni ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Fọ́tò tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ ò ju ti káàdì ìdìbò lọ, ẹ jọ̀ọ́, obìnrin tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún.

Ó jáde o! Gèlè hàn, gbogbo ìwúnjọ iwájú orí hàn, ojú nìkan ló ṣe bàìbàì díẹ̀ torí wọ́n ṣẹ́jú. Àwọn àbúrò mi ní mo ti ṣe é sódì, pé àpá iná tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ti bọ́ sí ọ̀tún. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, bíi dígí ni pléètì yìí ń ṣe. Ìyá Àgbà gbà á, wọ́n yí i síwá yí i sẹ́yìn kí ìmọ́lẹ̀ lè bá a mu, wọ́n ní kí àwọn àbúrò mi fi àwọn sílẹ̀, èyí gan-an lojú tí àwọn ń rí nínú dígí láràárọ̀.

Mo ṣì ní láti fi gíláàsì bò ó kí n sì lẹ etí ẹ̀ pa, torí afẹ́fẹ́ á sọ fàdákà di dúdú. Wọ́n ò tíì fún mi padà ṣá, abẹ́ ìrọ̀rí wọn ló wà.